Ìwé Dókítà àti Ẹ̀wà Ìjọ Mi

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, tí o ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ìwé tí wọ́n kọ ohun tí o gbọ́dọ̀ máa jẹ àti bí o ṣe gbọ́dọ̀ máa rìn sí, ìwọ ni mo jókòó kọ èyí fún. Má sunkún. Má sì tíì dáná sun ìwé náà. Èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ dáná sun tèmi, nítorí ó dá mi lójú pé òun ló sọ mí di àgbá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó fún mi. Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o fi etí ara rẹ gbọ́ ẹni tó jẹ̀bi.

Alùfáà ni mí. Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ìjọ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ wà ní Ayétòrò, níbi tí èmi àti ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ń gbé nínú ilé míṣọ́ọ̀nù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Alùfáà tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ta ló bìkítà? Ìjọ kejì tó wà lódìkejì títì fi ìjọ wa ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ìjọ tó ń febi pa alùfáà ni. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí wọ́n rí i pé mo ti ní ikùn díẹ̀, ṣe ni àwọn ìyá ìjọ bú sórin. Wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa kọ́lé lé.

Wọ́n sì kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí télọ̀ tó ń rán aṣọ oyè mi kò fi wọ̀n mí mọ́. Á kàn wò mí láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á sì fi kún aṣọ. Bí mo bá ń gun pẹpẹ lọ, pákó á ké, àwọn àgbà ìjọ á wojú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí a bá lọ síbi ìpàdé àwọn ìjọ ní Ìlaròó, wọ́n á tì mí síwájú kí gbogbo ayé lè rí bí Ayétòrò ṣe ń tọ́jú ènìyàn. Èmi náà ò kórìíra rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ wọlé. Mo lè mu omi títí ikùn mi á fi máa dún ṣáájú ìsìn, kí ọ̀fun mi sì ti gbẹ kí a tó ka Bíbélì tán. Ohun tí mo mu kì í sì í dúró nínú. Bí ìwàásù bá ti ń gbóná, tí ìjọ ń ṣe àmín kíkankíkan, ìtọ̀ á gbọ̀n mí. Mo wá di alùfáà tó ń dá ìwàásù dúró láàárín, tó ń ní kí ìjọ dìde kọ orin, orin tó gùn jù nínú ìwé, kó tó yọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ìjọ rò pé Ẹ̀mí ló ń gbé mi. Ìyá kan tilẹ̀ dìde jẹ́rìí pé òun rí ìmọ́lẹ̀ lójú mi nígbà tí mo padà wọlé. Ìtura lásán ni, Màmá.

Ìyàwó mi ló rí àwọn èèrà. Wọ́n tò sí ìdí ògiri tí mo máa ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé bí ẹni tó wá gba ìpín.

“Bàbá Tósìn,” ó ní, “èèrà kì í lọ síbi tí kò sí adùn. Ẹ múra, ká lọ sí Ìlaròó.”

Mo ní ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ní adùn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ohun kan tún wà tí mi ò kà sí. Bàtà tuntun tí mo wọ̀ lọ síbi ìsìnkú kan ní Òkè-Ọ̀dàn ti bó mi ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ọgbẹ́ náà ò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jiná. Kò sì dùn mí rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbàgbé rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ tí kò dùn ọ́, má ṣe dúpẹ́. Lọ fi han dókítà.

Bí o kò bá tíì jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn Ìlaròó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, o ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù. Àwọn tó mọ̀ mí ní kí n bọ́ síwájú nítorí pé mo jẹ́ alùfáà. Àwọn tí kò mọ̀ mí ní kí n bọ́ sẹ́yìn nítorí pé mo gba àyè ènìyàn méjì. Oòrùn ti rìn jìnnà kí wọ́n tó pè mí. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún ìka mìíràn gún nítorí pé kò gba ohun tó rí gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó wo ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi títí.

“Bàbá, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ni,” ó ní. “Bí ṣúgà yìí ò bá wálẹ̀, ìka yìí máa lọ. Bí ìka bá lọ tí kò sì wálẹ̀, ẹsẹ̀ ló kàn.”

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo ro bí mo ṣe máa gun pẹpẹ lẹ́sẹ̀ kan, mo ro àwọn tó máa máa gbé mi sọ̀kalẹ̀ bí àpò gàrí, mo sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn lórí bẹ́ńṣì yẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló wá gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Ìwé ìjọba ni, àwòrán wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n jìnnà sí iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì funfun àti ohun mímu inú ìgò. Kí n máa jẹ ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Kí n sì máa rìn lójoojúmọ́ títí n ó fi làágùn. Ọkùnrin inú àwòrán náà wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà tó ń tọ̀. Kò sí ilé kan níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura sí àwòrán yẹn láti ọjọ́ náà.

Ìròyìn kì í fẹsẹ̀ rìn lọ́dọ̀ wa, ọ̀kadà ló ń gùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀gbọ́n mi ti ti Ìmẹ̀kọ dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi ewúro. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣòwò ní Owódé náà gbé ìgò kan wá láti òdìkejì bọ́dà. Ó ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní Faransé ni. Mo ní mo rí i pé Faransé ni, kí ló wí? Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣáà mu ún. Ó ti kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù.”

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé dókítà, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

“Ìwé ìjọba?” ó ní. “Ìjọba wo ló tíì fi ìwé bọ́ ẹnikẹ́ni yó?”

Ìyàwó mi gba ìgò, ó gba kẹ́ẹ̀gì, ó kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní oògùn dókítà ni n ó máa lò, ìwé dókítà la sì máa tẹ̀ lé láìyẹ ẹsẹ̀ kan. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó sì ń fi ṣíbí wọn oúnjẹ mi. Ó tún ṣe ohun rere kan, ohun rere yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó ka ìwé náà sókè ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé iyán tàbí ohun mímu inú ìgò fún mi mọ́. Ó kà á dáadáa. Wọ́n ṣe àmín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrìn. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ṣòkòtò péńpé, mo ki ẹsẹ̀ bọ káńfáàsì, mo bọ́ sójú títì láàárọ̀. Mi ò tíì dé ìdí igi máńgòrò tí bàbá arúgbó kan fi yọ pákò lẹ́nu, tó sáré tọ̀ mí wá.

“Bàbá, ta ló kú?”

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

“Ta ló ń lé yín?”

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, dókítà ló ní kí n máa rìn. Ó wo orúnkún mi méjèèjì tó wà ní gbangba, ó mirí, ó ní Ọlọ́run á gbà wá. Níwájú díẹ̀, ọlọ́kadà kan dúró. Ó ní òun ò lè lajú sílẹ̀ kí alùfáà máa fẹsẹ̀ rìn. Mo ní ó ṣeun, mo fẹ́ rìn ni. Ó ní òun ò ní gbowó. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ó rò pé mo ń bínú ni, ó wá ń yí ọ̀kadà tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀ mí, títí ọlọ́kadà mìíràn fi dé, tó bi í pé kí ló fi ṣe Bàbá. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rin, mo gun ọ̀kan. Wọ́n fi fèrè gbé mi délé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn àgbà ìjọ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní bó bá ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo ń fi ẹsẹ̀ sọ, kí n kúkú fi ẹnu sọ ọ́, àwọn á wá nǹkan ṣe sí i. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé. Olórí wọn ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n alùfáà kì í ṣàdédé rìn. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń lọ.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní ó dára, n ó máa ní ibi tí mò ń lọ. N ó máa fẹsẹ̀ bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò láti ilé dé ilé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bí alùfáà bá wọ aṣọ oyè, tó mú Bíbélì dání, kò sí ọlọ́kadà tó máa bi í pé ta ló kú.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo sì ń làágùn gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ilẹ̀ wa. Bí o bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, tó bá ní “Ẹ wá jẹun,” ọmọdé pàápàá mọ èsì rẹ̀: “Ó gba ibi ire.” Kò sẹ́ni tó máa bínú. Èsì yẹn kò ṣiṣẹ́ fún alùfáà, nítorí kì í ṣe pé mo kàn bá wọn nídìí oúnjẹ. Wọ́n sè é dè mí ni. Alùfáà tó bá kọ oúnjẹ tí wọ́n sè dè é, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti máa bi onílé pé kí ló fi sínú rẹ̀.

O rántí ìwé tí ìyàwó mi kà ní ìpàdé àwọn ìyá. Kò sí ẹni tó gbé iyán fún mi. Kò sí ẹni tó ṣí ìgò. Ènìyàn rere ni wọ́n, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n sè. Ẹ̀wà ni nílé kan. Mọ́ínmọ́ín ni nílé kejì. Ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja ni nílé kẹta.

“Bàbá, oògùn yín rèé,” ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ti ṣí àwo.

Ta ló máa ń kọ oògùn? Mo lo oògùn náà nílé kìn-ín-ní, mo lò ó nílé kejì, mo tún lò ó títí mo fi bẹ gbogbo ilé wò tán lọ́jọ́ náà. Bí mo bá wá dé ilé ara mi, ìyàwó mi á fi ṣíbí wọn oògùn tirẹ̀ sínú àwo, mo máa lo ìyẹn náà. Bí o bá ń rẹ́rìn-ín mi báyìí, dúró ná. Ká ní o bi mí nígbà yẹn pé kí ni mo jẹ lónìí, n bá fọwọ́ sórí Bíbélì búra pé ohun tí ìyàwó mi fún mi nìkan ni. Èyí tó bá wà lórí tábìlì ẹni ni oúnjẹ. Èyí tí ènìyàn bá jẹ nílé onílé, ọ̀wọ̀ ni.

Ilé Màmá Dúró ni mo máa ń gbẹ̀yìn sí. Opó ni, ó ń gbé létí ọ̀nà tó lọ sí Ìmẹ̀kọ. Dúró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kutonu, ọkọ rẹ̀ sì ti kú kí n tó dé ìlú. Èkuru rẹ̀ funfun báláú, ata rẹ̀ sì ń ta sánsán láti ojú ọ̀nà. Bí mo bá ń jẹ, òun náà á bu tirẹ̀, á jókòó kọjú sí mi, á máa sọ ìtàn ọkọ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ṣe bí ẹni pé mo ti yó, ojú rẹ̀ á fà ro. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mi ò ṣáà fẹ́ kí ojú rẹ̀ fà ro, n ó sì tún na ọwọ́ sí àwo.

Oṣù yí po. Ṣúgà gòkè. Bẹ́líìtì mi kò rí ihò kankan mọ́, ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi sì ń dúdú. Inú bí mi sí ìwé yẹn. Mo ń rojọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí. Mo ní kí ìjọba tó kọ ìwé ìjẹun, iyán ni àwọn bàbá wa ní Ìmẹ̀kọ ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìwé dé, ikùn dé. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá? Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kúkú ti wí i. Kódà ìyàwó mi, tó fẹ́ràn ìwé ju ẹran lọ, yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ó fi bírò pupa fa igi sí i bí ìwé ọmọ tó fèèlì, ó kì í bọ báàgì, ó ní Ìlaròó yá. Ó fẹ́ kí wọ́n wá sọ ohun tí ìwé wọn fi ọkọ òun ṣe.

Bẹ́ńṣì kún lọ́jọ́ náà. Méjì nínú àwọn ọmọ ìjọ mi wà lórí rẹ̀: Ìyá Ìbejì tó ń ta òwú, àti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Àgbà. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ jókòó nídìí tábìlì lójú wa níbẹ̀. Ìyàwó mi tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀.

“Ẹ wo ọkọ mi,” ó ní. “Ṣíbí ni mo fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀. Ó ń rìn lójoojúmọ́. Ẹ wo bó ṣe rí! Ìwé yín ló ń pa á lọ.”

Nọ́ọ̀sì bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mò ń tẹ̀ lé ìwé. Mo ní mò ń tẹ̀ lé e bí òjìji. Ìyá Ìbejì ò lè gbà kí wọ́n fi Bàbá rẹ̀ pe òpùrọ́. Ó dìde lórí bẹ́ńṣì.

“Òótọ́ ni, Nọ́ọ̀sì! Bàbá wa kì í jẹ ohun tí kò sí nínú ìwé. Lánàá yìí, mọ́ínmọ́ín lásán ni mo fún wọn. Márùn-ún péré ni wọ́n jẹ.”

Ìyàwó mi yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, ó wò mí.

“Mo jẹ́rìí sí i,” ni Tíṣà Àgbà wí. “Ìgbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ni wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jẹ, òkìtì méjì, pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.”

“Ti Màmá Dúró ńkọ́?” ni Ìyá Ìbejì tún fi kún un. “Èkuru ni. Ẹ̀wà náà kọ́ ni?”

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

“Bàbá, ilé mélòó lẹ ti ń jẹun lójúmọ́?”

“Nọ́ọ̀sì,” mo ní, “ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Ìbẹ̀wò ni.”

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń kérora láti àárọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Nọ́ọ̀sì nu omi lójú. Ó ní ìwé ò sọ pé kí n jẹ gbogbo ẹ̀wà Ayétòrò. Mo ní ìwé ò sì sọ pé kí n má jẹ ẹ́. Ó mú ìwé náà, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, kò sọ ọ́. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé náà padà, ó ń ká a, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Èmi náà ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí dókítà bọ́ bàtà mi. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gé ọmọńdinrín náà. Dókítà ní òun ti mú èyí tó kéré jù, kí n má jẹ́ kí òun mú èyí tó tóbi. Mo dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mo gbàdúrà bí ọmọdé. Mi ò rí ọ̀rọ̀ alùfáà kankan sọ sí Ọlọ́run ju “Jọ̀wọ́” lọ.

Nígbà tí mo fi ń dùbúlẹ̀ nílé, kí ni ìjọ ṣe? Wọ́n ní Bàbá ò lè rìn wá sọ́dọ̀ àwọn, ẹ jẹ́ kí àwọn gbé ìbẹ̀wò lọ bá a. Kúlà tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láti ẹnu ọ̀nà dé àtẹ̀gùn. Ìyàwó mi dúró síbẹ̀ bí kọ́sítọ́ọ̀mù, kò jẹ́ kí ìkankan wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ gbá omi ojú nù, nítorí ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni òun ń dá padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ padà sórí pẹpẹ, orí àga ni mo jókòó sí, mo sì sọ ọ́ láì fi ohunkóhun bò: kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ fún mi mọ́, ìbáà ṣe ẹ̀wà. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní Bàbá ní àwọn ló fi oúnjẹ bu òun lẹ́sẹ̀ jẹ. Ìyá Ìbejì gbé Bíbélì wá sílé mi láti wá búra. Àwọn ìjọ òdìkejì títì gbọ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, wọ́n tún ti ń febi pa òmíràn. Màmá Dúró kò bú ẹnikẹ́ni, kò búra. Kò kàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí dókítà gbà mí láyè pé mo ti lè rìn díẹ̀díẹ̀, ilé rẹ̀ ni mo gbà lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọlé, ó gbé àwo kan tó bò mọ́lẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú mi, ó sì jókòó. Mo mọ̀ pé bí mo bá jẹ ẹ́, ó máa padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá jẹ ẹ́ lónìí, mo máa jẹ ẹ́ lọ́la, gbogbo ilé yòókù á gbọ́, ẹsẹ̀ mi á lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó wo ibi tí ìka wà tẹ́lẹ̀.

“Ibí yìí náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá Dúró,” ó ní.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sọ ọ́ rí nínú gbogbo ìtàn rẹ̀.

“Ìka, lẹ́yìn náà ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún. Mo ń fún un ní oúnjẹ títí. Mo rò pé bó bá ṣì ń jẹun, kò lè kú.” Ó na ọwọ́, ó fa àwo náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Láti ìgbà tó ti lọ, Bàbá, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi kọjá bí kò bá sí ẹnì kan tí mò ń wò lójú. Ìdí tí mo fi ń sè é fún yín nìyẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ pa yín.”

“Mo mọ̀, Màmá,” mo ní. “Ẹ ṣí i. Ẹ jẹun. Èmi ò lọ síbì kan.”

Ó jẹun. Mo jókòó tì í, mo sọ ìtàn ọlọ́kadà mẹ́rin fún un, ó rẹ́rìn-ín títí èkuru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́fun. Nígbà tí mo dìde, ó ní òun á sìn mí sọ́nà. Ìdí igi máńgòrò ni gbogbo onílé tó bá sin àlejò ti máa ń padà. A dé ibẹ̀, kò padà. Ó sìn mí dé ilé Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì ti gbé àwo dání, nítorí pé bíbúra kò ní kí ó má sè.

“Gbé e padà,” ni Màmá Dúró wí fún un. “Bí o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Bàbá, wá bá mi sìn wọ́n.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé tí mo bá bẹ̀ wò, dípò kí wọ́n sè dè mí, wọ́n á sìn mí dé ilé tó kàn, àwọn ibẹ̀ náà á dìde, wọ́n ò sì ní gbà kí ẹlòmíràn sìn mí jìnnà jù wọ́n lọ. Bí a ti máa ń pọ̀ tó, ìmáàmù àdúgbò wa bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ìwọ́de ni, kí òun mọ ẹni tí à ń bá jà. Mo ní ṣúgà ni. Ó ní òun náà ní i, ó sì bá wa dé ìkóríta.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ìwé náà jẹ̀bi díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan ṣoṣo ní Ayétòrò. Ó sọ ohun tí mo lè jẹ, kò sọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ ṣíwọ́, kò sì bi mí pé ta ló ń sè fún mi. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń na ọwọ́ mi sí àwo. Nítorí náà, bí wọ́n bá fún ọ ní tìrẹ, má kà á nìkan. Má sì kà á fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ lásán. Fi ẹsẹ̀ rẹ hàn wọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Kí o sì máa lo oògùn rẹ. Ìgò tó kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, àwọn èèrà pàápàá ò yà á wò.

Ní báyìí, ṣúgà mi ti wálẹ̀. Kò lọ, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀, dókítà sì ti ń wò mí lójú. Ìka mẹ́sàn-án ni mo fi ń gun pẹpẹ, pákó ò sì ké mọ́. Télọ̀ ti ń gé aṣọ oyè mi kù, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i. Àwọn ìjọ òdìkejì ní ebi ti fẹ́ pa mí kú. Ìjọ mi ní kí wọ́n jáde wá bá wa rìn.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo dé ilé Màmá Dúró. Ó gbé àwo jáde, àwo kékeré, ṣíbí kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ wá jẹun.”

“Ó gba ibi ire, Màmá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ṣíbí. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, kí ó lè rí ojú mi dáadáa.